Wáàtì 6 Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Wọ̀n

Ẹ̀yin tí dátà ò jẹ́ kí ẹ gbọ́, tó jẹ́ pé kíkà lẹ ń kà á lórí fóònù, ẹ̀yin gan-an la tún ṣe kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi. Páálí ẹ̀rọ orin ni. Wọ́n kọ "3000W" gàdàgbà sí iwájú ẹ̀, wọ́n wá fi lẹ́tà kéékèèké kọ "PMPO" sábẹ́ ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n rà á? Mo fẹ́ máa fi ṣiṣẹ́ òde. Owó tí mo ti ń tù jọ látọdún tó kọjá nìyí o." Mo ní kó jọ̀ọ́, kó ní kí ẹni tó ń tà á yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà sí i, kó wo ibi tí wọ́n kọ iye iná tó ń jẹ sí. Ó wò ó. Wáàtì 60 ló bá níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ pa pọ̀. Iná ilé wa, tó bá pé, fólìtì 230 ni. Tí ẹ bá fi 230 pín 3000, ẹ máa rí áńpíà 13. Fíúsì tó wà nínú púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí gbogbo wa ń lò, áńpíà 13 náà ló ga jù níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá ń tú wáàtì 3000 jáde lóòótọ́ gbọ́dọ̀ máa jẹ ju 3000 lọ, torí pé díẹ̀ nínú iná tó bá jẹ máa di ooru. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ náà nìkan á fẹ́rẹ̀ẹ́ jó fíúsì yẹn. Èyí tó ń jẹ 60, níbo ló ti fẹ́ rí 3000 pọ̀ jáde?

PMPO yẹn kò ní ọ̀nà ìwọ̀n kan tí gbogbo ayé fẹnu kò lé lórí. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ lè ka ohun tí gbogbo spíkà ibẹ̀ lè gbé fún ìṣẹ́jú àáyá tí kò tó ká ṣẹ́jú, kó rò ó pọ̀, kó kọ ọ́ sára páálí. Òfin ò mú un. Èyí tí ẹ máa wá ni RMS, agbára tí ẹ̀rọ lè máa gbé jáde láìdúró, láìjẹ́ kí ohùn bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹ gbà á torí pé èmi ni mo sọ ọ́. Mo ṣe áńpílífáyà kan fúnra mi, mo sì fi mítà wọ̀n ọ́n. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ohun tó wà nínú ẹ̀

IC tí mo lò ni wọ́n ń pè ní TDA2030. Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó, torí ó pọ̀ nínú spíkà kọ̀ǹpútà àtijọ́. Ẹsẹ̀ 5 ló ní. Orin ń gba ẹsẹ̀ 1 wọlé, ó ń gba ẹsẹ̀ 4 jáde. Ẹsẹ̀ 5 ń gba iná pọ́sítíìfù, ẹsẹ̀ 3 ń gba nẹ́gátíìfù.

Ẹsẹ̀ 2 ló kù, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. Díẹ̀ nínú orin tó ti jáde ló máa ń gba ibẹ̀ padà wọlé. IC á wá fi èyí tó padà wé èyí tó kọ́kọ́ wọlé. Tí wọn ò bá jọra, á tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Resísítọ̀ méjì ló ń pinnu ìlọ́po tó máa fi sọ orin di ńlá. Tèmi jẹ́ óòmù 22,000 àti óòmù 680. Ẹ fi 680 pín 22,000, ẹ fi 1 kún un, ẹ ó rí bíi 33. Ìyẹn ni pé tí fóònù bá fi ìdá mẹ́rin fólìtì kan ránṣẹ́, bíi fólìtì 8 ló máa jáde.

Ilé-iṣẹ́ STMicroelectronics kọ ìwé nípa IC yìí, ọ̀fẹ́ ló sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kà á kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Ó sọ níbẹ̀ pé tí iná bá jẹ́ fólìtì 14 lápá pọ́sítíìfù àti 14 lápá nẹ́gátíìfù, ó máa fún spíkà óòmù 8 ní wáàtì 8. Ó tún sọ pé iná apá kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ kọjá fólìtì 18. Ẹ fi 18 yẹn sọ́kàn, òun ló fẹ́ bá wa fa wàhálà báyìí.

Iná NẸ́PÀ àti tiransifọ́mà

Tí ẹ bá béèrè lọ́jà, wọ́n máa ní kí ẹ ra tiransifọ́mà 12-0-12. Ó dún bí ẹni pé fólìtì 12 ló máa wọ inú IC. Kò rí bẹ́ẹ̀. AC ni 12 yẹn. Tí dáyóòdù bá ti sọ ọ́ di DC, tí kapásítọ̀ sì gbà á dúró, góńgó ìgbì AC náà ni kapásítọ̀ máa dì mú, ìyẹn 12 ní ìlọ́po 1.414. Ó di 17. Dáyóòdù á yọ bíi 0.7 nínú ẹ̀, ó ku bíi 16. Ẹ ó ní, kò kúkú tíì dé 18.

Ṣùgbọ́n ṣé iná tiwa máa ń dúró sójú kan? Ẹ̀yin náà lẹ máa ń pariwo "wọ́n ti fún wa ní fúùlù" tí fáànù bá ń sáré bí ẹni pé ó fẹ́ fò. Tí NẸ́PÀ bá gun 250, AC 12 yẹn á di 13. Ẹ tún un ṣírò: ó di 18.4, ẹ yọ ti dáyóòdù kúrò, ó ku 17.7. Ẹ sì rántí pé tiransifọ́mà tí kò tíì máa gbé ẹrù máa ń fún èèyàn ju iye tí wọ́n kọ sí i lára lọ. A ti dé etí bèbè nìyẹn, orin ò sì tíì bẹ̀rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ra 9-0-9. Ẹni tó tà á fún mi wò mí títí, ó ní, "Àbúrò, èyí ò ní dún o. Gbé 12 lọ jàre." Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà. 9 yẹn náà ló máa ṣe mí." Lórí 9-0-9, iná tó dé IC mi jẹ́ fólìtì 13.2 nígbà tí kò tíì gbé ẹrù. Kí NẸ́PÀ gun bó ṣe wù ú, ó jìnnà sí 18. Mo pàdánù wáàtì díẹ̀, ṣùgbọ́n mo lè sùn.

Nǹkan méjì péré ni mo tún fẹ́ sọ nípa kíkàn án. Èkíní, irin tó wà lẹ́yìn IC yìí, ẹsẹ̀ 3 ló so mọ́, ìyẹn apá nẹ́gátíìfù. Tí ẹ bá dè é mọ́ páànù tó ń fa ooru láìfi máíkà sáàárín, tí páànù yẹn sì kan àpótí ẹ̀rọ tí ẹ ti so mọ́ wáyà ilẹ̀, iná máa já lu ara wọn. Èkejì, kí gbogbo wáyà ilẹ̀ pàdé sí ojú kan ṣoṣo, láàárín kapásítọ̀ ńlá méjèèjì. Bí wáyà ilẹ̀ bá ń kọjá lára ara wọn káàkiri, ẹ máa gbọ́ "hùùùn" tí kò ní dákẹ́, bí ẹni pé jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wà nínú spíkà yín.

Ìdánwò kí orin tó dún

Níbí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kánjú. Wọ́n á kàn án tán, wọ́n á so spíkà mọ́ ọn, wọ́n á tan án. Tó bá dún, wọ́n á ní ó ti yọrí. Àmọ́ pé ó dún kò túmọ̀ sí pé ó dára. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí mo ṣe ṣe tèmi nìyí.

Mo kọ́kọ́ so gúlóòbù wáàtì 60 mọ́ ojú ọ̀nà tí iná máa gbà wọlé, tó fi jẹ́ pé iná gbọ́dọ̀ gba inú gúlóòbù kó tó dé tiransifọ́mà. Gúlóòbù àtijọ́ tó ní òwú nínú ni o, kì í ṣe LED. Tí gúlóòbù yẹn bá tàn yòò tí kò sì rẹ̀ sílẹ̀, iná ti já lu ara wọn níbì kan nìyẹn. Gúlóòbù ló máa gbé ìyà náà, ohun tí ẹ kàn ò ní jó. Tèmi tàn fìrí, nígbà tí kapásítọ̀ ń mumi kún inú, ó sì rọ̀ padà di pípọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ohun tí a ń wá nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo wọn iná apá méjèèjì kí n tó ki IC bọ ibẹ̀: 13.2 àti 13.3. Mo pa iná, mo dúró kí kapásítọ̀ gbẹ, mo fi mítà rí i pé ó gbẹ, mo wá jó IC mọ́ ọn.

Ìwọ̀n tó tẹ̀ lé e ni mo kà sí pàtàkì jù lọ. Mo so ẹnu ọ̀nà orin mọ́ wáyà ilẹ̀ kí nǹkan kan má baà wọlé. N kò so spíkà. Mo wá wọn DC níbi tí orin ń gbà jáde. Ibẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Tí ẹ bá bá fólìtì DC gidi níbẹ̀, ẹ má ṣe so spíkà kankan mọ́ ọn. Orin máa ń ti spíkà síwá-sẹ́yìn, síwá-sẹ́yìn. DC máa ń tì í sápá kan, á sì dì í mú síbẹ̀. Wáyà tín-ín-rín tó wà nínú spíkà á máa gbóná láìsí ìsinmi títí á fi jó. Ohun tí mo bá lára tèmi jẹ́ ìdá 12 nínú ẹgbẹ̀rún fólìtì kan lápá ọ̀tún, ìdá 9 lápá òsì. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ibi tí wáàtì ti parí

Ó wá ku ká mọ agbára ẹ̀. N kò lo spíkà fún èyí. Mo lo resísítọ̀ ńlá óòmù 8, tó lè gbé wáàtì 20, torí kò ní pariwo, kò sì ní jó. Mo gba áàpù kan sórí fóònù tó ń fúnni ní ohùn kan ṣoṣo tí kò yí padà, mo gbé e sí 100 Hz, torí pé ohùn ìsàlẹ̀ ni àwọn mítà olówó pọ́ọ́kú máa ń wọ̀n dáadáa.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Nígbà tí fólìtì 0.1 wọlé, 3.3 jáde. Nígbà tí 0.2 wọlé, 6.6 jáde. Ìlọ́po 33 géérégé, bí ìṣirò ṣe wí. Nígbà tí mo gbé e dé 0.25, ó yẹ kó jẹ́ 8.25. Mítà ò kà ju 7.5 lọ. Ó ti dé òpin ilẹ̀ ẹ̀.

Àwa tí a ń gé ohùn lójoojúmọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Tí àlejò orí ètò bá pariwo mọ́ gbohùngbohùn, ẹ máa rí i lórí kọ̀ǹpútà pé orí ìgbì ohùn náà tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ́ fá a. Mo fi resísítọ̀ méjì dín ohun tó ń jáde kù sí ìdá kan nínú mọ́kànlá, mo gbà á wọ inú Audacity, mo sì wò ó. Ní fólìtì 7, orí ìgbì rí roboto. Kó kọjá bẹ́ẹ̀ díẹ̀, ó tẹ́. Nítorí náà, 7 ni òpin ibi tí ohùn ti mọ́.

Ìṣirò tó kẹ́yìn: 7 ní ìlọ́po 7 jẹ́ 49. Ẹ fi óòmù 8 pín 49. Wáàtì 6, lé díẹ̀ bín-ín-tín. Ọ̀tún 6, òsì 6.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì ti ń rẹ́rìn-ín báyìí. Gbogbo làálàá yìí, wáàtì 6? Ẹ ní sùúrù.

Spíkà bàbá mi

Spíkà tí mo fẹ́ fi gbọ́ ọ kì í ṣe tèmi. Ti bàbá mi ni. Télọ̀ ni wọ́n, spíkà méjèèjì yẹn sì ti wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn kí wọ́n tó bí mi. Àwọn spíkà náà ń bẹ níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń rán aṣọ tí wọ́n fi san owó iléèwé mi. Tí wọ́n bá jó, kò sí ibi tí a ti fẹ́ rí irú wọn rà mọ́.

Mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ yá wọn. Wọn ò gbójú sókè níbi ẹ̀rọ ìránṣọ. Wọ́n ní, "O ti wọn nǹkan tó o kàn yẹn?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O kọ ọ́ sílẹ̀?"

Mo na ìwé náà sí wọn. Wọ́n wọ awò ojú, wọ́n kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n fi ìka sórí ìlà DC yẹn. "Kí lèyí?" Mo ṣàlàyé pé òun ló lè jó spíkà, àti pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Wọ́n dá ìwé padà fún mi. Wọ́n ní, "Aṣọ tí wọn ò bá kọ ìwọ̀n ẹ̀ sílẹ̀, ìjà ló máa ń dá sílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Gbé wọn. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù níbí ni o ti máa tan án."

Mo kọ́kọ́ fi spíkà kékeré kan tí n kò bìkítà fún dán an wò fún wákàtí kan, mo ń fọwọ́ kan páànù lóòrèkóòrè. Ó gbóná, ṣùgbọ́n mo lè gbé ọwọ́ lé e. Ìgbà yẹn ni mo tó so ti bàbá mi. Orin jùjú ni wọ́n ní kí n fi sí i. Gángan ń sọ̀rọ̀, mò ń gbọ́ ibi tó ti ń rẹ ohùn sílẹ̀. Agogo dúró gedegbe. Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ní láti gbé ohùn sókè kí wọ́n tó gbọ́ ara wọn.

Mo wá gbé mítà sí ẹnu spíkà nígbà tí orin ń lọ. Ó ń rìn ní àyíká fólìtì 2. Ẹ ṣírò ẹ̀: 2 ní ìlọ́po 2 jẹ́ 4, ẹ fi 8 pín in. Ìdajì wáàtì kan. Ìdajì wáàtì ló kún ṣọ́ọ̀bù yẹn. Èyí tó kù nínú 6 yẹn, ìgbà tí ọ̀pá bá lu awọ ìlù gbàà nìkan ni orin ń sáré lọ mú un, ó sì ń dá a padà lójú ẹsẹ̀.

Ìdí ni pé etí wa kì í ka wáàtì ní ení, èjì. Kí ohùn tó lè dà bíi pé ó di ìlọ́po méjì létí, wáàtì gbọ́dọ̀ di bí ìlọ́po mẹ́wàá. Wáàtì 60 tòótọ́ kò ní ju bí ìlọ́po méjì wáàtì 6 mi lọ létí yín.

Kí ẹ tó na owó yín

Sí ọ̀rẹ́ wa tó fi àwòrán ránṣẹ́: wáàtì 6 mi ò lè ṣe òde o. Lábẹ́ kánópì, níbi tí igba èèyàn ti ń jó, ẹ nílò ẹ̀rọ tó tóbi jù ú lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú páálí yẹn náà ò lè ṣe é, owó yín á sì ti lọ. Ẹ wo RMS. Ẹ wo iye iná tó ń jẹ lẹ́yìn. Ẹ wo iye dB tí spíkà ń fúnni lórí wáàtì 1, torí spíkà tó bá fi 3 ju èkejì lọ níbẹ̀, ìdajì wáàtì ló máa fi ṣe iṣẹ́ kan náà. Tí ẹni tó ń tà á ò bá lè fi ìkankan nínú mẹ́ta yìí hàn yín, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Sí ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kàn án fúnra yín: tí ẹ ò bá tíì mọ bí a ṣe ń ṣe iná NẸ́PÀ, ẹ má fi dánra wò. Bátìrì fólìtì 12 méjì, tí ẹ so nẹ́gátíìfù ọ̀kan mọ́ pọ́sítíìfù èkejì, tí ẹ sì fi ojú ibi tí wọ́n ti so ṣe wáyà ilẹ̀, ó ti tó fún IC yìí. Ẹ fi fíúsì sí i lápá kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo àmì ara kapásítọ̀ dáadáa, torí èyí tí wọ́n bá gbé sódì lè bú gbàmù. Ayédèrú IC sì pọ̀ nígboro, ẹ jẹ́ kí gúlóòbù àti mítà yín bá yín dá a mọ̀.

Ẹ gba ìwé kan, ẹ fa ìlà sí i, ẹ kọ gbogbo ohun tí mítà bá wí sílẹ̀. Tí ẹ bá kàn án, ẹ fi àwòrán ìwé yẹn ránṣẹ́ sí mi, ju àwòrán áńpílífáyà lọ. Èmi náà á fi tèmi sísàlẹ̀ àpilẹ̀kọ yìí.

Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí ẹ bá mọ̀ tó fẹ́ ra ẹ̀rọ orin lóṣù yìí.